Kí Ni Géèjì Orí Sìlíńdà Ń Wọ̀n Gan-an Nínú Bààlúù Àfọwọ́tò?

Bààlúù méjì gbéra lójú ọ̀nà kan náà, láàárọ̀ kan náà. Ẹ́ńjìnnì Lycoming O-360 ló wà nínú àwọn méjèèjì, ìwọ̀n epo kan náà ni wọ́n ń jó, ìyára kan náà ni wọ́n sì fi gòkè. Nígbà tí wọ́n dé òkè, géèjì ti ọ̀kan ní orí sìlíńdà wà ní 205°C, ti èkejì ní 175°C ni. Èwo ló gbóná jù? Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí kò ní yára dáhùn. Yóò kọ́kọ́ béèrè ibi tí wọ́n ki sẹ́ńsọ̀ bọ̀, àti irú wáyà tó gbé ìròyìn náà wá síwájú awakọ̀. Ó ṣeé ṣe kí àwọn méjèèjì gbóná bákan náà. Ó tiẹ̀ ṣeé ṣe kó jẹ́ èyí tí géèjì rẹ̀ ń pe 175 ló wà nínú ewu.

Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú ni pé wọ́n rò pé géèjì yìí dà bí tẹmọ́mítà tí nọ́ọ̀sì ń ki sí abíyá ọmọ: o fi sábẹ́ abíyá, o ka nọ́ńbà, ó parí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìyàtọ̀ láàárín ibi méjì ni ohun èlò yìí ń wọ̀n. Ẹni tó bá ti di ìyẹn mú, ìyókù á yé e.

Bààlúù àfọwọ́tò ni èyí tí ẹni tó ni ín tò fúnra rẹ̀ nínú gáréèjì, yálà láti inú àwọn ẹ̀yà tí iléeṣẹ́ kan gé sílẹ̀ fún un, tàbí láti orí àwòrán lásán. Nílẹ̀ Amẹ́ríkà, òfin àjọ FAA, tó ń ṣàkóso ọkọ̀ òfuurufú níbẹ̀, fàyè gbà á bí ó bá jẹ́ pé ẹni náà ló ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, fún ẹ̀kọ́ tàbí fún ìgbádùn ara rẹ̀. Orúkọ tí ẹ ó máa gbọ́ níbẹ̀ ni RV, ti iléeṣẹ́ Van's Aircraft ní ìpínlẹ̀ Oregon. Kò kúkú jìnnà sí wa: Air Beetle tí iléeṣẹ́ AIEP tò ní Kàdúná fún àwọn ọmọ ogun òfuurufú Nàìjíríà, láti ara RV-6A ni wọ́n ti mú un jáde. RV tó ní Lycoming O-360 la ó fi ṣe àpẹẹrẹ níhìn-ín.

Bààlúù tí iléeṣẹ́ ńlá ṣe, wọ́n ti dán bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe ń tutù wò kí wọ́n tó tà á. Ti àfọwọ́tò kò rí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ẹni tó tò ó ló gé ìbòrí ẹ́ńjìnnì, ọwọ́ rẹ̀ náà ló tẹ páànù inú rẹ̀, ọwọ́ èèyàn méjì kì í sì í bára mu. Géèjì yìí nìkan ló lè sọ fún un bóyá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dára.

Ìdí tí a fi ń ṣọ́ orí sìlíńdà

Ẹ wo ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà. Àwọn irin pẹlẹbẹ tó tò bí eyín òòyà yí i ká, iṣẹ́ wọn kò ju kí afẹ́fẹ́ tó ń gba àárín wọn kọjá gbé ooru lọ. Bí Lycoming ṣe rí náà nìyẹn: kò ní rẹdiétọ̀, kò ní omi. Sìlíńdà mẹ́rin ló ní, méjì lápá ọ̀tún, méjì lápá òsì. Irin ni ara sìlíńdà, alumíníọ́mù ni orí rẹ̀. Iná tó ń jó nínú rẹ̀ ń kọjá 2,000°C fún ìṣẹ́jú àáyá bíńtín, bẹ́ẹ̀ 660°C ni alumíníọ́mù ń yọ́. Bí kò bá sí afẹ́fẹ́ tó ń kọjá láàárín eyín òòyà yẹn, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ máa gbà.

Kò sì dìgbà tí alumíníọ́mù bá yọ́ kó tó bàjẹ́. Láti nǹkan bíi 200°C lọ sókè ni agbára rẹ̀ ti ń já wálẹ̀ kíákíá. Òpin tí Lycoming fi lélẹ̀ ni 260°C, ìyẹn 500°F, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń fò lójú òpin yẹn lójoojúmọ́ yóò ra sìlíńdà láìpẹ́. Iléeṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ sọ pé bí a bá fẹ́ kó pẹ́, kó má kọjá 224°C nígbà tí a bá ń fi agbára púpọ̀ rìn, kó má sì kọjá 204°C nígbà tí a bá rọra ń lọ tí a ń ṣọ́ epo. 204°C ni 400°F, ìyẹn ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń to bààlúù fi ń ṣe ààlà, nítorí pé nọ́ńbà tó rọrùn láti rántí ni.

Ibi tí ìbàjẹ́ ti ń yọjú kì í ṣe ojútáyé. Orí sìlíńdà máa ń sán láàárín ihò pílọ́ọ̀gì àti ìjókòó fáàfù tí èéfín ń gbà jáde. Ọ́ìlì tó wà lára ọ̀pá fáàfù yẹn á jó di èédú, èédú á dì mọ́ ọn, fáàfù á sì há lọ́jọ́ kan. Ẹ́ńjìnnì kò ní pariwo kí èyí tó ṣẹlẹ̀.

Wáyà méjì, irin méjì

Sẹ́ńsọ̀ tí a ń sọ yìí ń jẹ́ thermocouple. Kò ní bátìrì. Wáyà méjì ni, irin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi ṣe wọ́n, wọ́n wá jó wọn pọ̀ lẹ́nu. Thomas Seebeck, ọmọ Jámánì, ló ṣàkíyèsí ní 1821 pé bí ojú ibi tí irin méjì ti pàdé bá gbóná, tí ìdí kejì sì tutù, abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì tó wà nítòsí máa ń yí. Agbára òòfà lòun náà kọ́kọ́ pè é. Iná mànàmáná ni.

Iná náà kéré púpọ̀. Irú tí wọ́n ń pè ní J, irin lásán ni wáyà kan nínú rẹ̀, èkejì jẹ́ constantan, ìyẹn bàbà tí wọ́n pò mọ́ níkẹ́ẹ̀lì. Bí ẹnu rẹ̀ bá wà ní 200°C, tí ìdí rẹ̀ wà nínú yìnyín, ohun tó ń tú jáde kò tó 11 nínú ìdá ẹgbẹ̀rún fóòtì (volt). Bátìrì rìmóòtù kan ju ìyẹn lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 140.

Ẹ padà sórí ọ̀rọ̀ yẹn: ẹnu gbóná, ìdí tutù. Ìyàtọ̀ àárín wọn ló bí iná. Géèjì gbọ́dọ̀ mọ bí ìdí ṣe gbóná tó kó tó lè sọ òótọ́, nítorí náà ni géèjì òde òní fi ní sẹ́ńsọ̀ kékeré mìíràn ní ẹ̀yìn ara rẹ̀. Bí orí sìlíńdà bá wà ní 190, tí ẹ̀yìn géèjì wà ní 25, wáyà á mú ìròyìn 165 wá, géèjì á fi 25 tirẹ̀ kún un, 190 á jáde. Ó pé.

Ibi tí wàhálà ti ń wọlé ni pé wáyà sẹ́ńsọ̀ kì í sábà gùn dé iwájú awakọ̀. Ẹni tó ń to bààlúù á rí wáyà bàbà tó ṣẹ́kù níbi tó ti ń ṣe iná apá, á gé e, á so ó mọ́ wáyà sẹ́ńsọ̀ lábẹ́ ìbòrí ẹ́ńjìnnì. Géèjì á tan, nọ́ńbà á jáde, inú rẹ̀ á dùn. Ṣùgbọ́n láti ojú ìsopọ̀ yẹn dé ọ̀dọ̀ géèjì, bàbà méjì ló ń lọ, bàbà àti bàbà kì í sì í bí ìyàtọ̀ kankan. Ìdí thermocouple náà ti kúrò lẹ́yìn géèjì, ó ti wà nínú ooru ẹ́ńjìnnì. Ká ní ibẹ̀ wà ní 60°C. 190 dín 60 jẹ́ 130. Géèjì tí kò mọ nǹkan kan á fi 25 tirẹ̀ kún un, á kọ 155. Dígírì 35 ti sọnù. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé bí inú ìbòrí bá ṣe ń gbóná sí i, bẹ́ẹ̀ ni irọ́ náà ń pọ̀ sí i, tó fi jẹ́ pé ọjọ́ tí ooru bá mú ẹ́ńjìnnì jù ni géèjì máa fi í lọ́kàn balẹ̀ jù.

Wáyà àfikún tó tọ́ ni èyí tí wọ́n fi irin méjì kan náà ṣe: J fún J, K fún K (K ni irú thermocouple mìíràn, irin tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti J). Ẹ lè béèrè pé ẹnu ìsopọ̀ kékeré tí à ń fi páyà tẹ̀ mọ́ wáyà ńkọ́, ṣé bàbà kọ́ lòun náà ni? Bàbà ni, ṣùgbọ́n ó kúrú débi pé orí rẹ̀ méjèèjì wà ní ìgbóná kan náà, kò sì sí ìyàtọ̀ tó lè dá sílẹ̀. Ẹ kàn jẹ́ kí àwọn méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí wọ́n jìnnà sí páìpù èéfín, kí ẹ sì so wọ́n mọ́lẹ̀ kí wọ́n má máa gbọ̀n.

Àwọ̀ wáyà tún jẹ́ ìdẹkùn tirẹ̀. Ní ìlànà Amẹ́ríkà, J jẹ́ funfun àti pupa, K jẹ́ yẹ́lò àti pupa, pupa yìí ni apá òdì. Ó ta ko ohun tí gbogbo oníṣẹ́ iná mọ̀, nítorí pé pupa ni wọ́n fi ń mọ apá rere bátìrì. Ní ìlànà Yúróòpù, J jẹ́ dúdú àti funfun, K jẹ́ àwọ̀ ewé àti funfun, funfun sì ni apá òdì. Ẹ ò rí i pé wáyà funfun J jẹ́ rere ní Amẹ́ríkà, ó jẹ́ òdì ní Yúróòpù. Bí àwọ̀ bá ti ṣá tàbí tí ẹ kò mọ ibi tí wáyà ti wá, òòfà kékeré máa yanjú ẹ̀: nínú J, apá rere ni òòfà máa gbá mú, torí irin ni, nínú K, apá òdì ló máa fà, á sì fà á díẹ̀ ni.

Bí ẹ bá so wáyà ní òdìkejì lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó tètè mọ̀, nítorí pé nọ́ńbà á máa lọ sílẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń gbóná. Èyí tó ń tan èèyàn jẹ ni kí wáyà àfikún yí padà lórí méjèèjì. Nọ́ńbà á gòkè bó ṣe yẹ, ohun gbogbo á dà bíi pé ó dára, ṣùgbọ́n àṣìṣe ti bàbà dígírì 35 á di 70: 190 á di 120 lójú géèjì. Bí ẹ bá sì so sẹ́ńsọ̀ K mọ́ géèjì tí wọ́n ṣe fún J, 200°C á jáde bíi 157, torí iná K kò pọ̀ tó ti J.

Ọ̀rọ̀ kan péré fún àwọn tó ṣì ń lo géèjì alábẹ́rẹ́ àtijọ́ tí kò ní bátìrì: iná bíńtín tí a sọ yẹn ló ń ti abẹ́rẹ́ náà fúnra rẹ̀. Gígùn wáyà wà nínú ìṣirò tí wọ́n fi kọ nọ́ńbà ojú rẹ̀. Bí wáyà bá gùn jù, ẹ ká a jọ, ẹ má gé e.

Ibi tí wọ́n ki sẹ́ńsọ̀ sí

Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀. Nísàlẹ̀ orí sìlíńdà Lycoming kọ̀ọ̀kan, ihò kékeré kan wà tó ní ojú ìdè 3/8-24. Sẹ́ńsọ̀ tó dà bí ìka máa wọ ibẹ̀, sípíríńgì á sì máa tì í kí ẹnu rẹ̀ lè kan ìsàlẹ̀ ihò. Ihò yìí ni òpin 260°C tí iléeṣẹ́ kọ dúró lé lórí. Àléébù tó ń bá a ni pé kí ìdọ̀tí dí ihò náà, tàbí kí sípíríńgì rẹ̀ rọ̀, kí ẹnu sẹ́ńsọ̀ má kan irin mọ́. Afẹ́fẹ́ tó wà láàárín kì í gbé ooru dáadáa, nọ́ńbà á sì kéré. Kí ẹ tó ki tuntun bọ̀ ọ́, ẹ fi aṣọ tín-ín-rín nu inú ihò náà, ẹ sì fi ọwọ́ tẹ sípíríńgì wò bóyá ó ń ta padà.

Ọ̀nà kejì ni òrùka tó ń wà lábẹ́ pílọ́ọ̀gì. Ó rọrùn, ó sì wúlò fún ẹ́ńjìnnì tí kò ní ihò, irú bíi Volkswagen tí wọ́n sọ di ti bààlúù. Àmọ́ ibòmíràn ni òrùka ń wọ̀n. Afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ lu pílọ́ọ̀gì òkè. Pílọ́ọ̀gì ìsàlẹ̀ wà nítòsí páìpù èéfín. Dígírì ogún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè wà láàárín òrùka àti ihò lórí sìlíńdà kan náà, láìjẹ́ pé èyíkéyìí nínú wọn ń purọ́. Bí ẹ bá ń lo òrùka, òpin tí ẹ́ńjìnnì yín kọ fún òrùka ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ẹ má sì fi nọ́ńbà tiyín wé ti ẹni tó ń lo ihò.

Fífi òrùka sí i fẹ́ sùúrù. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe é fẹ́ kí òrùka dípò wọ́ṣà bàbà pílọ́ọ̀gì. Bí ẹ bá fi méjèèjì sí i, pílọ́ọ̀gì kò ní wọlé tó. Bí ẹ ṣe ń yí pílọ́ọ̀gì, ọrùn òrùka á fẹ́ bá a yí, ibẹ̀ gan-an ni wáyà ti máa ń já. Ẹ fi ìka kan dì í mú títí pílọ́ọ̀gì fi máa le, kí ẹ tó fi sípánà aláwòye-agbára (torque wrench) dé 35 foot-pound, tí í ṣe 47 Nm, bí Lycoming ṣe wí.

Rotax 912 kò sí lára ọ̀rọ̀ yìí rárá. Omi ló ń mú orí sìlíńdà tirẹ̀ tutù, sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ kì í ṣe thermocouple, wáyà bàbà lásán sì tó fún un. 135°C ni òpin orí sìlíńdà 912 ULS. Ní àwọn tuntun tó ń wọn omi dípò irin, 120°C ni. Ẹni tó bá gbé 204 Lycoming lọ síbẹ̀ á ba ẹ́ńjìnnì jẹ́.

Kí ẹ tó gbé ìbòrí padà, ẹ dán gbogbo rẹ̀ wò. Ẹ yọ sẹ́ńsọ̀, ẹ ki ẹnu rẹ̀ bọ omi tó ń hó: 100°C ni géèjì gbọ́dọ̀ kọ bí ẹ bá wà létí òkun, nǹkan bíi dígírì kan sì máa dín fún mítà 300 kọ̀ọ̀kan tí ìlú yín fi ga ju òkun lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná, irú èyí tí wọ́n fi ń gbẹ irun, gbóná sẹ́ńsọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wo nọ́ńbà tó gbéra. Lycoming ń ka sìlíńdà láti iwájú, lẹ́bàá abẹ̀bẹ̀ tó ń fa bààlúù. Continental ń kà á láti ẹ̀yìn. Ẹni tó bá ti kọ́ iṣẹ́ lórí ọ̀kan tó wá ń to èkejì lè máa wá àrùn 1 lára 3.

Kíka nọ́ńbà lójú òfuurufú

Orí sìlíńdà kì í kánjú. Bí ẹ bá yí epo padà, géèjì èéfín, ìyẹn èyí tó ń wọn ìgbóná èéfín tó ń jáde, á fèsì láàárín ìṣẹ́jú àáyá, ti orí sìlíńdà á gba ìṣẹ́jú kan sí méjì. Nítorí náà, ibi tí nọ́ńbà ń lọ ṣe pàtàkì ju ibi tó wà lọ. 195 tó dúró jẹ́ẹ́ sàn ju 180 tó ń gòkè lọ ní dígírì kan ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta.

Gígòkè lẹ́yìn ìgbéra ni ìgbà tó le jù: agbára kún, ìyára kò tó. Bí nọ́ńbà bá ń sún mọ́ 204, ẹ tẹ imú bààlúù wálẹ̀ díẹ̀ kó lè yára sí i. Ìṣirò rẹ̀ rèé. Ní ìpele òkun, afẹ́fẹ́ tó ń lu iwájú bààlúù ní 80 knots (òṣùwọ̀n ìyára bààlúù) lè ti omi gòkè nínú rọ́bà tóóró, kò ní tó sẹ̀ǹtímítà 11. Ní 100 knots, ó ju 16 lọ. Agbára tó ń ti afẹ́fẹ́ gba àárín eyín òòyà ti lé ní ìdajì, láìjẹ́ pé ẹ yí ohun kan lára ẹ́ńjìnnì. Bí ìyẹn kò bá tó, ẹ jẹ́ kí epo pọ̀ sí i nínú àdàpọ̀ epo òun afẹ́fẹ́, kí ẹ tó wá dín agbára kù.

Èrò pé kí epo kéré ló ń mú ẹ́ńjìnnì gbóná kò pé. Bí ẹ bá ń dín epo kù díẹ̀díẹ̀, ìgbóná èéfín á gòkè dé ṣóńṣó, á sì padà wálẹ̀. Kí èéfín tó dé ṣóńṣó, nígbà tó kù bíi dígírì 25, ibẹ̀ ni orí sìlíńdà ti ń gbóná jù lọ. Bí ẹ bá kọjá ṣóńṣó sí apá tí epo ti kéré, orí sìlíńdà á bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. Ẹni tó wà ní àárín, tó rò pé òun ń ṣọ́ epo, ló ń sun sìlíńdà rẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì tuntun lè gbóná ju bó ṣe yẹ fún wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́, títí òrùka písítìnì yóò fi jókòó dáadáa. Bí nọ́ńbà bá lọ sílẹ̀, tí ọ́ìlì tó ń jẹ sì dúró lójú kan, wọ́n ti jókòó nìyẹn.

Afẹ́fẹ́ tó sá lọ

Nígbà tí ẹ bá ti rí i dájú pé nọ́ńbà kì í ṣe irọ́, tí ó sì ga, ibi tí a máa kọ́kọ́ wò ni páànù tó ń darí afẹ́fẹ́, tí àwọn òyìnbó ń pè ní baffle. Afẹ́fẹ́ ń gba ihò méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ abẹ̀bẹ̀ wọlé, ó ń kún òkè ẹ́ńjìnnì, ó yẹ kó gba àárín eyín òòyà sọ̀ kalẹ̀, kó sì jáde nísàlẹ̀. Ó dà bí omi inú garawa tó lu: ọ̀nà tó rọrùn ló ń wá. Bí àlàfo kan bá wà láàárín páànù àti ìbòrí, ibẹ̀ ló máa gbà, sìlíńdà kò ní rí i.

Rọ́bà tó wà létí páànù ló ń dí àlàfo yẹn. Ó gbọ́dọ̀ tẹ̀ síwájú, síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, kí agbára afẹ́fẹ́ lè máa tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìbòrí. Bí ó bá ká sẹ́yìn nígbà tí ẹ ń gbé ìbòrí lé e, afẹ́fẹ́ á ṣí i bí ìlẹ̀kùn. Lẹ́yìn wákàtí díẹ̀ tí ẹ ti fò, ẹ ṣí ìbòrí, ẹ wo inú rẹ̀: rọ́bà máa ti fi ìlà dúdú sílẹ̀ níbi tó ti ń kàn án. Ibi tí ìlà bá ti já, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà. Lálẹ́, ẹ gbé gílóòbù tó mọ́lẹ̀ sísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, ẹ ti ìbòrí, ẹ yọjú láti ihò iwájú. Gbogbo ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ níbi tí kò sí eyín òòyà, ẹ fi sílíkóònù pupa tó ń farada ooru dí i.

Ẹ yẹ eyín òòyà fúnra rẹ̀ wò. Sìlíńdà tuntun máa ń ní alumíníọ́mù tó ṣẹ́kù láti inú ìrọ, tó dí àárín eyín, pàápàá nítòsí pílọ́ọ̀gì. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì tàn án láti òkè. Bí ìmọ́lẹ̀ kò bá jáde nísàlẹ̀, ẹ fi fáìlì róbótó tín-ín-rín tàbí ẹnu dírììlì gígùn tí ẹ fọwọ́ yí rọra yọ ọ́. Ẹ má fi fáìlì ha eyín fúnra rẹ̀, torí ibi tí a bá ha ni sísán ti ń bẹ̀rẹ̀.

Lára Lycoming oní-sìlíńdà mẹ́rin, ìwájú sìlíńdà 2 àti ẹ̀yìn sìlíńdà 3 ni eyín ti kúrú jù. Bí páànù bá lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, kò sí àyè tí afẹ́fẹ́ fẹ́ gbà. Èyí ló mú kí 3 máa gbóná nínú ọ̀pọ̀ RV. Wọ́ṣà tó nípọn ní mílímítà díẹ̀, tí ẹ fi sáàárín páànù àti sìlíńdà kí páànù lè yẹ̀, ti wo ọ̀pọ̀ nínú wọn sàn. Bí ó bá jẹ́ pé 1 àti 2 tutù jù, tí 3 àti 4 gbóná, ẹ fi páànù kékeré ga sí i níwájú 1 àti 2; bí ó bá jẹ́ òdìkejì, ẹ gé èyí tó wà níbẹ̀ kù ní sẹ̀ǹtímítà kan péré, ẹ fò, ẹ tún wò. Ẹ má ṣe àtúnṣe méjì lẹ́ẹ̀kan.

Bí ọ̀nà àbájáde afẹ́fẹ́ nísàlẹ̀ bá há, kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ ṣí ti iwájú tó tí á ràn yín lọ́wọ́. Afẹ́fẹ́ tó ti gbóná ń fẹ̀, ó sì ń fẹ́ àyè ju èyí tó fi wọlé lọ.

Bí gbogbo sìlíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá jọ ń gbóná, ẹ wo ìgbà tí pílọ́ọ̀gì ń ta iná: dígírì 25 ni ti O-360-A1A, kí písítìnì tó dé òkè (dígírì yíyí ọ̀pá ẹ́ńjìnnì ni, kì í ṣe ti ooru), tí ó bá sì ti ta ṣáájú bẹ́ẹ̀, orí sìlíńdà ló máa sọ. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan ló ń gbóná, ó lè jẹ́ páànù, ó lè jẹ́ afẹ́fẹ́ tó ń jò wọlé níbi ìsopọ̀ páìpù epo òun afẹ́fẹ́, ó sì lè jẹ́ sẹ́ńsọ̀ ni. Kí ẹ tó tú ohunkóhun, ẹ gba sẹ́ńsọ̀ 3 fún 4, ẹ fi ti 4 fún 3. Bí ooru bá bá sẹ́ńsọ̀ lọ, ẹ ra sẹ́ńsọ̀.

Nígbà tí nọ́ńbà bá fò

Bí ó bá fò láti 180 sí 320 lójijì tó sì tún padà, wáyà ni. Irin tó wúwo tó báyẹn kò lè gbóná bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ń fò kìkì nígbà tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì rédíò láti sọ̀rọ̀, wáyà sẹ́ńsọ̀ ti ń rìn tẹ̀ lé wáyà áńténà, tàbí kí ibi tí géèjì ti kan ilẹ̀ iná má mọ́.

Èyí tó yẹ kó já yín láyà ni kí nọ́ńbà sìlíńdà kan máa gòkè láìdúró, dígírì kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí géèjì èéfín sìlíńdà yẹn kan náà máa lọ sílẹ̀. Epo ti ń gbiná kí pílọ́ọ̀gì tó ta, ooru tó yẹ kó bá èéfín jáde ti ń wọ inú irin. Ẹ fa agbára wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ fi epo púpọ̀ sí i, kí ẹ wá ibi balẹ̀. Ẹ má dúró wò bóyá á padà. Nílẹ̀, ẹ yọ pílọ́ọ̀gì sìlíńdà náà: tánganran funfun inú rẹ̀ tó sán, tàbí ẹnu rẹ̀ tó yọ́ di róbótó, ni ẹ ó bá níbẹ̀. Kí ẹ tó fi tuntun sí i, ẹ ki kámẹ́rà tín-ín-rín gba ihò rẹ̀ wọlé, kí ẹ wo orí písítìnì.